Ibòji Nínú Ìlú

Ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: Númérì 35, ẹsẹ 1 sí 8, Jeremáyà 29, ẹsẹ 4 sí 7.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni kì í dúró pẹ́ nínú ìwé Númérì, nítorí pé iye àti orúkọ ni ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí 35, Ọlọ́run pa àṣẹ kan fún Mósè tí ó yẹ kí àwa ará ìlú ńlá dẹ etí sí. Àwọn ọmọ Léfì kò ní ilẹ̀ ìní bí àwọn ẹ̀yà yòókù. Àárín ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé. A fún wọn ní ìlú 48. Ilé nìkan kọ́ ni a sì fún wọn. A pàṣẹ pé kí ilẹ̀ pápá yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, kí a wọn ìgbọ̀nwọ́ 2,000 síhà ìlà-oòrùn, síhà ìwọ̀-oòrùn, síhà àríwá àti síhà gúúsù. Bí a bá fi òṣùwọ̀n òde òní ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹran ọ̀sìn wọn ni ilẹ̀ náà wà fún, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí i pé Ọlọ́run tí ó dá ènìyàn sínú ọgbà kò gbà kí a fi kìkì ògiri ṣe ìlú fún àwọn ìránṣẹ́ Rẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ ìlú Kano tí a ń gbé yìí dó náà mọ ohun tí a ń wí. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, dé ìhín ní ọdún 1824, ó ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ilẹ̀ tí odi ìlú yí ká, ilé kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Oko àti ọgbà ni ìyókù. Àwọn kan a máa wí pé nítorí ogun ni, kí oúnjẹ má baà tán bí ọ̀tá bá dó ti ìlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò níláti rin ìrìn àjò kí ó tó rí igi. Lónìí, ilé ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà.

Ti àwa ará Sabon Gari yàtọ̀. Ojú irin ni ó kó àwọn bàbá wa wá. Ó dé Kano ní ọdún 1911, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta sì tẹ̀lé e. Ìjọba òyìnbó ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú. Ní àkókò tí Lugard ṣe òfin ìlú ti ọdún 1917, ìlànà ìjọba ni pé kí ilẹ̀ gbalasa tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàárín ibùgbé àwọn òyìnbó àti ibùgbé àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní nítorí ibà àti nítorí iná ni. Ibùgbé tiwọn ní igi, ó ní pápá, ó ní ọgbà òdòdó. Tiwa ní ojúlé tí ó fi ara kan ojúlé. Ẹ ò rí i pé àwọn náà mọ̀ pé ilẹ̀ gbangba ní ohun í ṣe pẹ̀lú ìlera! Kìkì pé wọ́n mọ̀ ọ́n fún ara wọn ni. A kò sọ èyí láti ru ìbínú sókè, wọ́n ti lọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, àwa fúnra wa ni a kọ́ yàrá kún àgbàlá, tí a pín yàrá kan sí méjì, tí a sì gé igi tí ó kù kí a lè rí ibi gbé jẹnẹrétọ̀ sí.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó tí ó fẹ́ràn òdòdó ni èyí. Ní ọdún 1984, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Roger Ulrich tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 yẹ̀wò, tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún láàárín ọdún 1972 sí 1981. Àwọn 23 dùbúlẹ̀ sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. Àwọn 23 yòókù dùbúlẹ̀ sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri bíríkì. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni, ilé ìwòsàn kan náà ni. Àwọn tí ń wo igi lo ọjọ́ 7.96 ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó lọ sí ilé. Àwọn tí ń wo ògiri lo ọjọ́ 8.70, wọ́n sì bèrè oògùn ìrora tí ó le ju ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ. Ojú ni àwọn ẹni ìṣáájú fi wo igi náà o. Wọn kò tilẹ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania yìí kan náà ni ìlú Philadelphia wà. (Kì í ṣe èyí tí Jòhánù kọ̀wé sí nínú ìwé Ìfihàn.) Àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ kan níbẹ̀ mú ilẹ̀ ahoro 541 láàárín ìlú, àwọn ilẹ̀ tí ilé ti wó kúrò lórí wọn tí wọ́n sì ti di ààtàn, wọ́n sì fi ìṣẹ́kèké pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kìíní, wọ́n kó ìdọ̀tí, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀, wọ́n sì fi ọgbà pákó kúkúrú yí i ká. Ní apá kejì, ìdọ̀tí nìkan ni wọ́n kó. Apá kẹta, wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí ìròyìn náà jáde ní ọdún 2018, a rí i pé láàárín àwọn tí ń gbé nítòsí ilẹ̀ tí a gbin nǹkan sí, iye àwọn tí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá wọn fi ìdá 41.5 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn tí ń gbé nítòsí ilẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn. Ní àdúgbò àwọn tálákà, ó ju ìdá 68 lọ. Níbi tí ó jẹ́ pé ìdọ̀tí nìkan ni a kó, a kò rí àyípadà kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù lọ, nítorí pé gbígbá ilẹ̀ ni àwa máa ń kà sí òpin iṣẹ́.

Ẹ tún wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Mitchell àti Frank Popham gbé àkọsílẹ̀ ikú láàárín àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 40 yẹ̀wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2008. Ibi gbogbo ni tálákà ti ń tètè kú ju olówó lọ, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí ilẹ̀ tútù pọ̀ sí, ìyàtọ̀ náà kéré. Ní ọdún 2019, àwọn mìíràn bi àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 léèrè ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó bá lo wákàtí méjì, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ níbi tí igi àti koríko wà sábà máa ń sọ pé ara òun le, ọkàn òun sì balẹ̀, ju ẹni tí kì í dé irú ibẹ̀ lọ. Ìbáà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó lò ó, ìbáà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wákàtí méjì! Ìsìn wa ti ọjọ́ Àìkú a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Kano tiwa ńkọ́? Láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, ooru ìhín a máa kọjá dìgírì 40 nígbà mìíràn. Páànù àti kọnkéré a máa gba oòrùn sára ní ọ̀sán, wọn a sì dá a padà fún wa ní òru. Ìdí nìyí tí ọmọ ọwọ́ fi ń ké mọ́jú, tí àwọn ìyá wa tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ láìrí oorun sùn. Igi kì í ṣe bí páànù. Ó ń dá oòrùn dúró kí ó tó kan ilẹ̀, ó sì ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sí ewé, omi náà ń gbẹ lọ sí afẹ́fẹ́, ó sì ń mú ooru lọ pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí láti ìgbà àmù: omi inú rẹ̀ tutù nítorí pé ara àmù ń làágùn. Bí ọyẹ́ bá sì dé, ewé ni eruku kọ́kọ́ ń bà lé kí ó tó wọ ihò imú wa.

Ẹ rántí Jónà ní ìlà-oòrùn Nínéfè. Ọlọ́run mú ìtàkùn kan hù bò ó lórí, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. Ní ọjọ́ kejì, kòkòrò jẹ ìtàkùn náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́, oòrùn pa á lórí, ó sì bèrè ikú. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ tí ó bú Jónà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sun oorun ní Sabon Gari ní oṣù kẹrin láìsí iná mànàmáná yóò ṣàánú rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin ará, gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ àbá tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ: kí a gé igi dóńgóyárò mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, kí a da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, kí a sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí a ó máa gba rẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Àwa tí a ń kọ owó ìjọ sílẹ̀ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé àpótí kò kún. Òrùlé ń jò. Àwọn tí ó mú àbá yìí wá kì í ṣe ọ̀tá ìjọ, a kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé àáké, ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ń jókòó sábẹ́ àwọn igi náà. Kíláàsì àwọn ọmọdé ti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wà níbẹ̀, nítorí pé yàrá wọn kò gba gbogbo wọn. Àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan nínú wọn kò ní ẹlòmíràn tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àwọn mairuwa a máa ti ọmọlanke wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní ọ̀sán, kí wọ́n lè sinmi. Mùsùlùmí ni wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lé wọn rí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn a máa wá jókòó níbẹ̀ láìsọ ohun kan. Ta ni yóò bá wa kọ rẹ́ǹtì ti ìwọ̀nyí sínú ìwé?

Ẹnìkan lè ṣí Deutarónómì 20 kí ó sì fi hàn wá pé igi eléso ni Mósè dáàbò bò ní ìgbà ogun, pé ó gbà kí a gé èyí tí a kì í jẹ èso rẹ̀. Òtítọ́ ni, dóńgóyárò kì í ṣe ọsàn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí a kò fi àgbo ewé rẹ̀ wẹ̀ nígbà ibà? Igi náà pàápàá, àlejò ni bí àwa. Ọdún 1928 ni a gbìn ín ní Maiduguri, láti inú irúgbìn tí a kó wá láti Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí. Ó ti di onílé ní gbogbo Òkè Ọya, nítorí pé ó fara da ọ̀gbẹlẹ̀.

Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì. Àwọn wòlíì kan ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tú ẹrù, pé wọn kò ní pẹ́ padà. Jeremáyà ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbàdúrà fún ìlú náà, nítorí pé inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbin ọsàn àti máńgòrò sí ẹ̀yìn ilé tí a kọ́ sí ìlú wa, ilé tí a ń sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ìgbà Kérésì. Ní ìhín, níbi tí a ti lo ọgbọ̀n ọdún, tí a ti bí ọmọ tí a sì ti sin òbí, a kò gbin ewé kan. Àwọn ọmọ wa tí kò mọ ìlú mìíràn, abẹ́ kí ni wọn yóò ti ṣeré?

Èrò tiwa ni pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òfìfo tí ẹsẹ̀ oníbàárà sì ti ń kọjá. Rẹ́ǹtì wọn kò ní pọ̀ tó ti mẹ́fà, ṣùgbọ́n yóò tún òrùlé ṣe bí a bá ní sùúrù. Kí a sì gbá abẹ́ àwọn igi náà dáadáa, kí a gé ẹ̀ka tí ó ti kú, nítorí pé igbó tí ejò ń gbé kì í ṣe ibòji. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè fi ọ̀gánwó méjì àti máńgòrò kan kún un. Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, kò sí òjò mọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láti bu garawa omi sí ìdí wọn, a ó sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìpàdé gbogbo ìjọ lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. A ti bẹ àwọn alàgbà, wọ́n sì gbà, pé abẹ́ igi náà ni a ó ti ṣe é. Àga kò pọ̀; kí àwọn ọ̀dọ́ mú ẹní wá fún ara wọn, kí wọ́n sì fi àga sílẹ̀ fún àwọn àgbà.