Àtúnṣe Tí Wọ́n Bò Mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ìlarò sí Ọjà-Ọ̀dàn, tàbí tó máa ń ná ọjà Ayétòrò, mọ àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí mò ń wí: Peugeot 504, Datsun, Hilux tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, tí ẹ̀gẹ́ tàbí igi ìdáná kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè. Wọ́n ń gbé ẹrù tí ọkọ̀ tuntun ò ní gbà, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ tuntun ò ní fẹ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wọ́pọ̀ lára wọn, ọ̀nà tí àwọn kan sì ń gbà wò ó ń já mi láyà.

Dẹ́rẹ́bà á yí kọ́kọ́rọ́, státà á ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á jí. Bó bá ṣe ní kóun fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó padà sáyè rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú. Á tún un yí, á tún jí. Á fi í sílẹ̀, á tún kú. Epo wà nínú táǹkì, bátìrì lágbára. Kí ló wá dé?

Nínú púpọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàkì, ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì, ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná. Nígbà tí a bá ń sítáàtì, iná bátìrì, fóòtì 12, máa ń lọ bá kọ́ìlì tààrà, nítorí státà ti ń fa iná mu lọ́wọ́ kan náà, iná pílọ́ọ̀gì ò sì gbọdọ̀ rẹ̀yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí tí kọ́kọ́rọ́ sì padà, iná á bọ́ sí ọ̀nà kejì, èyí tó gba inú rẹsísítọ̀ kékeré kan kọjá. Rẹsísítọ̀ yìí ló ń dín iná kù sí nǹkan bíi fóòtì 7 sí 9, torí irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ò lè máa mu 12 láti àárọ̀ dalẹ́. Bí rẹsísítọ̀ bá jó, tàbí tí ojú irin inú suíìṣì kọ́kọ́rọ́ bá ti jẹ, ọ̀nà àkọ́kọ́ á ṣì là, ọ̀nà kejì á ti dí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń jí tí kò lè dúró.

Ríwáyà tó mọṣẹ́ á fi tẹ́sítà tọ ọ̀nà kejì yìí títí yóò fi rí ibi tó gé. Ẹni tó ń kánjú á gé wáyà kan, á so ó mọ́ bátìrì, á fà á dé kọ́ìlì, á fi tẹ́ẹ̀pù dúdú wé e, ó parí. Dáírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ á jí, á dúró, oníbàárà á sanwó, á sì dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni kọ́ìlì ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tí kọ́ńtáàkì ń jó. Kọ́kọ́rọ́ ò lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́. Dẹ́rẹ́bà á máa fi jíà pa á, tàbí kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó fọwọ́ fa wáyà yọ. Bó bá gbàgbé, bátìrì á tán, kọ́ìlì lè bẹ́. Èyí tó burú jù ni pé wọn kì í sábà fi fíúsì sójú irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń já sí kòtò, irin ń ha ara wáyà, ọjọ́ tí bàbà inú rẹ̀ bá kan ara ọkọ̀, iná sọ nìyẹn.

Lẹ́bàá ẹnubodè níbí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Kí àṣẹ yẹn tó dé làwọn onífàyàwọ́ ti ń fi píkọ́ọ̀pù kó kẹ́ẹ̀gì epo sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin. Lẹ́yìn tó dé, àgbẹ̀ tó fẹ́ bu epo sí ẹ̀rọ ìlọgbàgùúdá náà di ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì rìn. Iná kékeré kan tó bá ṣẹ́jú lára wáyà dáírẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti tó láti mú kí èéfín epo gbiná.

Bóyá ẹnìkan á sọ pé ọ̀rọ̀ aláìní lèyí, pé àwọn tó lówó ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní General Motors, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó tóbi jù lágbàáyé.

Láti nǹkan bí ọdún 2003, wọ́n ń fi suíìṣì kọ́kọ́rọ́ kan sínú àwọn ọkọ̀ wọn kan; Chevrolet Cobalt wá wà lára wọn. Sípíríńgì inú rẹ̀ ò lágbára tó. Bí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, tàbí tí orúnkún bá kan án, kọ́kọ́rọ́ lè yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárì á le, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba èèyàn là ò sì ní ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gbọ́ ẹ̀sùn pé ọkọ̀ ń kú lójú títì. Ní 2006, ẹnjiníà kan fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pààrọ̀ suíìṣì náà sí èyí tó le. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn ò yí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ padà, wọn ò sì kéde fún ẹnikẹ́ni. Suíìṣì burúkú àti suíìṣì dáadáa wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Àbájáde rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọkọ̀ náà, wọn ò rí ìdí tí àwọn ti ìṣáájú fi ń pa èèyàn tí àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan náà, nǹkan kan náà, lójú wọn. Ní oṣù kẹta 2010, nọ́ọ̀sì kan kú nínú Cobalt tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ṣáájú, ó gbé e lọ fún àtúnṣe, wọ́n fọ ojú ibi tí epo ń gbà, wọ́n dá a padà. Epo kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn òbí rẹ̀ gba agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò gba ẹnjiníà tirẹ̀. Ọkùnrin náà ra suíìṣì tuntun, ó tú u, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ̀ olóògbé, ó sì rí i pé irin inú ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 2.6 padà. Ẹni 124 ni àwọn tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú ilé-iṣẹ́ náà gbà pé suíìṣì yẹn ló pa.

Ká ní wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ ní 2006 ni, bóyá nọ́ọ̀sì yẹn ì bá ṣì wà láàyè. Ohun kan náà ni ríwáyà tó fi tẹ́ẹ̀pù dúdú bo dáírẹ́ẹ̀tì ń ṣe sí mẹkáníìkì tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lọ́la.

Ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, bí píkọ́ọ̀pù yín bá ń jí tó ń kú, ẹ ní kí ríwáyà tan kọ́kọ́rọ́, kó fi tẹ́sítà kan orí kọ́ìlì. Bí kò bá tàn, kó padà sẹ́yìn: ẹnu rẹsísítọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà fíúsì, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn suíìṣì kọ́kọ́rọ́. Ibi tí iná bá dé tí kò kọjá, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni kí ó pààrọ̀. Bí ẹ bá ń gbóòórùn ike tó ń jó nídìí sítíárì, ẹ yọ orí bátìrì kíá, kódà bí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Ní 1996, Ford pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 8.7 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, píkọ́ọ̀pù wà nínú wọn, nítorí suíìṣì kọ́kọ́rọ́ wọn lè gbiná níbi tí ọkọ̀ dúró sí láìsí ẹnìkan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ríwáyà, ẹ jọ̀ọ́, bí òru bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà tí kò sí ọgbọ́n mìíràn ju dáírẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ fi fíúsì sí i, ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kí ẹ so ó mọ́ sítíárì, kí ẹ sì sọ fún oníǹkan lójúkorojú. Kí ọkọ̀ náà má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo kankan títí ẹ ó fi yọ wáyà yẹn kúrò.