Ìràwọ̀ Bébà: Inú Ìṣẹ́po Ni Ẹwà Rẹ̀ Wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí yóò gbayì láwùjọ, inú ilé ni yóò ti gbé iyì náà jáde. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí oṣù Dìsẹ́ńbà bá wọlé ní Lọ́kọ́ja, tí ọyẹ́ bo orí Òkè Patti, tí àwọn òǹtajà sì ń fi ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì onírọ́bà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀ṣọ́ náà ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ bébà tí ọmọ bá jókòó ṣe nínú ilé, á ti kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ kó tó dé ara ògiri.

Bébà kì í ṣe àlejò nílùú yìí. Ní 1865 ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Lónìí, ilé wo ni a ó dé tí a kò ní rí ìwé tí ọmọ ti kọ tán, tàbí kàlẹ́ńdà ọdún tó ń parí lọ? Wọ́n tó í lò. Owó kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, sùúrù ni.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àlùmọ́gàjí ló ń ṣe ìràwọ̀, nítorí náà wọ́n á sáré sí gígé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́po ló ń ṣe ìràwọ̀. Ohun tí ìṣẹ́po bá ti parí ni àlùmọ́gàjí ń tú síta. Bí ìṣẹ́po bá wọ́, kò sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n gé tó lè tún un ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú bébà A4 fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ẹ sì ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ẹ jẹ́ kí etí tó ṣẹ́po kọjú sí yín, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí àárín rẹ̀; ojú àmì yẹn ni àárín ìràwọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ ṣẹ́ apá ọ̀tún sọ́dọ̀ òsì, títí tí ibi tó ṣẹ́kù lápá òsì yóò fi jẹ́ ìdajì ìbú apá tí ẹ ṣẹ́ wá. Ẹ ṣẹ́ ìyókù náà bò ó. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, etí rẹ̀ yóò bọ́ sí àárín gan-an. Ẹ wá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn sí méjì. Ó di ìpele mẹ́wàá tó ní ṣóńṣó kan. Ẹni tó bá mọ jọ́mẹ́tìrì á rí i pé dígírì 180 la pín sọ́nà márùn-ún, dígírì 36 lọ́nà kọ̀ọ̀kan.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ dúró níbí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé àwọn etí bára mu? Bí wọn kò bá bára mu, ẹ tú u, ẹ tún un ṣẹ́. Bébà tí a kò tíì gé ṣì gbọ́ àtúnṣe. Èyí tí a ti gé ti bọ́. Bí ó bá bára mu, ẹ wọn íǹṣì 4 láti ṣóńṣó lórí etí kan, íǹṣì 1½ lórí èkejì, ẹ fa ìlà láti àmì kan dé èkejì, kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá tú u, ojú ìṣẹ́po mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀. Ẹ tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí márùn-ún tó lọ sí ṣóńṣó yọ sókè bí Òkè Patti, kí márùn-ún tó lọ sí kọ̀rọ̀ rì wọlé bí ojú odò. Ìgbà náà ni bébà pẹlẹbẹ á gbé ara sókè, tí ìmọ́lẹ̀ á mú apá kan, tí òjìji á mú apá kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló níṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ibi títẹ̀ yìí ni àwọn tí ó ti rẹ̀ ti máa ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ so ó rọ̀ sójú fèrèsé lè lẹ méjì pọ̀ lẹ́yìn síra wọn, kí ó fi òwú sáàárín.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lásìkò òjò, bébà ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ á sì máa wólẹ̀. Ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ bébà kàlẹ́ńdà tó nípọn máa ń sán lójú ìṣẹ́po. Ẹ fi rúlà àti bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ojú ìlà rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá se sítáàṣì gbágùúdá dípò gọ́ọ̀mù, ẹ fi díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, nítorí aáyán fẹ́ràn rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá: ẹ má ṣe tan àbẹ́là sítòsí ìràwọ̀ bébà nígbà ọyẹ́. Iná kékeré tó ń lo bátìrì ti tó.

Ibi púpọ̀ láyé ni wọ́n ti mọ iyì iṣẹ́ bébà. Ní ìlú Banjul, Gáḿbíà, wọ́n ń fi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi tó ní iná nínú, tí wọ́n ń pè ní fanal, wọ́n sì ń gbé e kiri nígbà Kérésìmesì. Ní Niesky, Jámánì, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Moravia ni ìràwọ̀ bébà wọn tó lókìkí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti inú ẹ̀kọ́ jọ́mẹ́tìrì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin òbí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ bá ọmọ di rúlà mú, ẹ ṣọ́ ọ lẹ́nu àlùmọ́gàjí, ṣùgbọ́n ẹ má gba ìṣẹ́po lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ìràwọ̀ lè dára lójú àlejò. Bí ẹ bá gbà á ṣe, ìràwọ̀ á dára, ọmọ ò sì ní kọ́ nǹkan kan. Èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ wọ́, ẹ gbé e kọ́ sójú pálọ̀ọ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ rí ibi tí ìṣẹ́po ti yẹ̀. Bí aládùúgbò Mùsùlùmí bá ń múra Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ọmọ yín ṣe méjì mẹ́ta fún wọn.

Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ní kó kọ́ àbúrò rẹ̀, àmọ́ kó má fọwọ́ kan bébà àbúrò náà. Ẹnu nìkan ni kó fi tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá lè ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, ó ti mọ iṣẹ́ náà dé ìdí.