Ta Ló Ni Ẹ̀bùn Ọmọdé?

Bí ọmọdé bá ní ohùn tó dùn, ta ló ni ohùn náà? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣebí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ni ohùn ti ń jáde? Ta ni yóò tún bá a du ohun tó wà lára rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ti ń mú owó wọlé, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Òbí á ní òun lòun bí i, òun lòun sì náwó lé e lórí. Olùkọ́ á ní òun lòun kọ́ ọ. Àwọn òǹwòran á ní tàwọn ni. Ọmọ fúnra rẹ̀ kì í sábà sí níbi ìpàdé náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbésí ayé ẹnì kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìlú Manila ní orílẹ̀-èdè Fílípíìnì ni wọ́n ti bí Lea Salonga ní 1971. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tó kọ́kọ́ bọ́ sórí ìtàgé ní 1978, nínú eré olórin The King and I tí ẹgbẹ́ òṣèré Repertory Philippines gbé kalẹ̀. Ní 1980, òun ló ṣe Annie, ọmọbìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe eré náà. Ní 1981, àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Small Voice, jáde. Ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé náà ló di atọ́kùn ètò orin lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn Love, Lea. Nígbà tó di 1988, àwọn tó ń wá òṣèré fún eré Miss Saigon gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Manila. Ọmọ ọdún 17 ni Lea nígbà tó kọrin níwájú wọn. Wọ́n mú un. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Theatre Royal Drury Lane ní oṣù September 1989. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Olivier ní 1990, ó sì gba Tony ní New York ní 1991, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún péré. Ohùn rẹ̀ ni Jasmine fi kọrin nínú fíìmù Aladdin, òun náà sì ni Mulan fi kọrin ní 1998.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sáré sọ pé òbí ló ni ẹ̀bùn ọmọ. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 7 kò lè dá wọkọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn eré, kò lè buwọ́ lu ìwé àdéhùn, kò sì lè dá owó olùkọ́ orin san. Bí àgbàlagbà kan kò bá tètè rí ẹ̀bùn náà, kó sì fi àkókò àti owó tì í lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ohùn ni ì bá parí sí ẹ̀yìnkùlé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣé ẹni tó gbin igi, tó bomi rin ín, kò yẹ kó jẹ nínú èso rẹ̀?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe igi. Ní Amẹ́ríkà, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Jackie Coogan di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tó bá Charlie Chaplin ṣe fíìmù The Kid ní 1921. Owó ńlá ló pa ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó béèrè owó náà, ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná èyí tó pọ̀ jù lọ. Ó gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 1938, díẹ̀ ló sì rí gbà padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní 1939 láti dáàbò bo owó àwọn ọmọdé òṣèré. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé òbí ló ni ẹ̀bùn ọmọ, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣẹ Coogan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́.

Ǹjẹ́ ká sọ pé ọmọ nìkan ló ni ín, kó sì máa fi ṣe ohun tó wù ú? Èyí náà kò tọ̀nà. Ọmọdé fẹ́ràn àtẹ́wọ́ bó ṣe fẹ́ràn àádùn. Bó bá ní, "Mo fẹ́ máa kọrin lójoojúmọ́," òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n kò tíì mọ iye tí ohun tó ń béèrè yóò ná òun. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lónìí ló ń sọ, kò tíì rí ọjọ́ tí yóò di ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Lójú tèmi, alágbàtọ́ ni òbí jẹ́ sí ẹ̀bùn ọmọ. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fún ní ewúrẹ́ sìn. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wá a bí ilẹ̀ bá ṣú, ó sì ní ìpín tirẹ̀ tí ewúrẹ́ bá bímọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ pa á jẹ láìbi olówó rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé olówó ẹ̀bùn yìí ṣì ń dàgbà, kò sì tíì lè sọ ohun tó fẹ́.

Orílẹ̀-èdè Fílípíìnì gan-an ti sọ èrò yìí di òfin. Òfin Republic Act 9231 ti ọdún 2003 sọ pé owó tí ọmọdé bá pa, ọmọ náà ló ni ín. Ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ohun tí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà ẹbí kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí owó náà bá tó 200,000 peso lọ́dún, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ lójúmọ́, tàbí ogún wákàtí lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín aago 8 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀. Lea ti dàgbà kí òfin náà tó dé, ṣùgbọ́n òfin náà fi hàn wá pé owó nìkan kọ́ ni alágbàtọ́ ń tọ́jú. Ó ń tọ́jú àkókò ọmọ, oorun rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ẹbí tí ebi ń pa ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa wo ọmọ tí ohùn rẹ̀ lè mú oúnjẹ wálé?" Ìbéèrè yìí lágbára, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òfin tí mo sọ yìí pàápàá kò sọ pé kí ẹbí má fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n mọ̀wọ̀n. Ọmọ lè ran ilé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun ni òpó kan ṣoṣo tó gbé ilé ró. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun kò bá kọrin lónìí, àbúrò òun kò ní jẹun, kò ní ẹnu láti sọ pé ó ti rẹ òun.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. A kò gbọdọ̀ sọ pé nítorí pé ọ̀rọ̀ Lea Salonga yọrí sí rere, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé sórí ìtàgé ní ọdún 7 ni wọ́n ṣe dáadáa fún. Àwọn tó ṣàṣeyọrí nìkan là ń gbọ́ orúkọ wọn. Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà parí sí kọ́ ló yẹ ká wò, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe tọ ọ̀nà náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé orin kò pa ìwé Lea lára. Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó wọ yunifásítì Ateneo de Manila, ó sì ń kọ́ ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí pẹ̀lú èrò àtidi dókítà, kí Lọ́ńdọ̀nù tó pè é. Ìyẹn ni pé ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tó yan ìtàgé, yíyàn ni ní tòótọ́. Kì í ṣe pé ibòmíràn ti dí.

Mo rò pé ohun tó yẹ ká fi máa díwọ̀n ara wa nìyí. Bí ọmọ yìí bá di ọmọ ogún ọdún, ǹjẹ́ yóò lè sọ ẹ̀bùn náà kalẹ̀ bó bá wù ú, kó sì tún rí nǹkan mìíràn gbé? Òbí tó yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí orin ti dí ọ̀nà kan. Òbí tó fọ́ gìtá mọ́lẹ̀ nítorí pé dókítà ló fẹ́ kí ọmọ dà ti dí ọ̀nà kejì. Ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ta ko ara wọn, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n rò pé tàwọn ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bomi rin ín, ẹ sì máa ka iye wákàtí. Ẹ̀yin olùkọ́, bí akọrin kíláàsì yín bá gbòdo nínú ìṣirò, ẹ má sọ pé kò burú, ohùn ni tirẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí inú yín bá dùn sí ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.