Ẹ̀gà Inú Àwòrán

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Daagbé, igi ọsàn a yọ òdòdó funfun. Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo agbo ilé. Ẹ̀gà náà a dé. Akọ rẹ̀ rí bí ìyeyè tó pọ́n, orí rẹ̀ dúdú. Kì í dákẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Bí ẹnì kan bá ya ẹ̀gà yìí sáàárín òdòdó ọsàn, àwòrán náà á dára. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ lè bínú sí i. Yóò ní: «Ẹyẹ tó ń jẹ mí lóko, òun lẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́!» Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gà ń jẹ àgbàdo, ó ń jẹ ìrẹsì, ó sì ń fa ewé ọ̀pẹ ya láti fi hun ilé. Èyí kò sí nínú àwòrán. Ǹjẹ́ irọ́ ni àwòrán náà ń pa?

Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó ń ya nǹkan gbọ́dọ̀ ya ibi rẹ̀ mọ́ ire rẹ̀. Èmi kò gbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa ni yóò jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán òun?

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde pé ogún gbogbo ayé ni. Àwọn baba wa kò dúró de ìyẹn. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ẹyẹ sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ sì mọ̀ pé ẹyẹ yẹn kì í ṣe ẹyẹ lásán. Agbára àwọn ìyá wa ni, èyí tó ń bímọ, tó sì lè pani. À ń bẹ̀rù rẹ̀, a sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀ṣọ́ yẹn ló jẹ́ ká lè wò ó pẹ́, ká fi ìlù àti ijó bá a sọ̀rọ̀ dípò ká sá.

Lóko, òkúta la fi ń wo ẹ̀gà. Ta ló ráyè wo iṣẹ́ rẹ̀? Akọ ló ń hun ilé. Bí kò bá rí abo tí ilé náà wù, a tú u palẹ̀, a tún òmíràn hun. Àgbẹ̀ kò rí èyí, nítorí ó ń lé e. Ayàwòrán rí i, nítorí ó jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko, ẹ máa lé ẹ̀gà o. Èmi náà ń lé e. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá fi èédú ya ẹ̀gà àti òdòdó ọsàn sára ògiri, kẹ́ ẹ tó gbá a létí, ẹ bi í léèrè bí ilé ẹyẹ náà ṣe rí.