Ìyìn Ha Lè San Gbèsè Bí?

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àwọn ilé ìtajà òyìnbó bíi UAC àti John Holt wá fi Gbági ṣe ibùjókòó. Àpótí pákó àti agolo ni a ń di ọ̀pọ̀ ọjà sí láyé ìgbà náà. Bí a bá tú ọjà tán, àpótí lè di igi ìdáná, ó sì lè di ìjókòó. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ tí ó fẹ́ràn orin, ó lè di gìtá.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le púpọ̀. A ó lu ihò sí ojú àpótí tí pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́. A ó ki igi gbọọrọ bọ̀ ọ́ kí ó di ọrùn. A ó fa wáyà kọjá lórí ihò náà, a ó sì fi igi kékeré gbé e sókè. Wáyà nìkan kò ní ohùn tí ó tó í gbọ́. Ojú àpótí tí ń gbọ̀n àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ ohùn náà di ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín àpótí: àgídìgbo tí à ń lù bí òwe bí òwe, àpótí ni òun náà, irin pẹlẹbẹ ni a tò sí i láyà.

Nígbà tí a bá rí ọmọ aláìní tí ó ṣe irú gìtá bẹ́ẹ̀, a óò ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o!" Lẹ́yìn náà, a ó bá ọ̀nà tiwa lọ. Ìyìn náà tọ́. Ṣé ó tó? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àìní ni ó kọ́ ọmọ náà lọ́gbọ́n, pé bí a bá ràn án lọ́wọ́, ọgbọ́n rẹ̀ yóò kú. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka iye àwọn ọmọ tí àìní pa ọgbọ́n tiwọn? Gìtá tí wọn kò rí ṣe kò sí níbì kan tí a ó ti rí i.

Ẹ wo Isaiah Kẹ́hìndé Dáírò, tí a bí ní Ọ̀fà ní ọdún 1930. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje, bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù fún un. Dáírò gbé ìlù náà dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Nígbà tí ó yá, ó bá Daniel Òjògé ṣeré jùjú ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè MBE ní ọdún 1963. Ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà, bàbá Carl Perkins, àgbẹ̀ aláìní tí ń ro oko olóko, fi àpótí sìgá ńlá àti igi ìgbálẹ̀ ṣe gìtá fún ọmọ tirẹ̀. Kò sí olówó nínú bàbá méjèèjì. Wọn kò dúró kí ọmọ kọ́kọ́ dá ọgbọ́n kí wọ́n tó dá sí i. Bí àwọn ọmọ náà kò bá tilẹ̀ di olókìkí, àwọn bàbá yìí ti san ohun tí wọ́n jẹ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àwa tí ọwọ́ wa tó o, kí ni a gbé sọ̀ fún un? Ó lè jẹ́ wáyà gidi kan. Ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan tí onígìtá fi jókòó tì í. Lẹ́yìn èyí, kí a wá yìn ín.