ÀLEJÒ ÀTI ONÍDÙÚRÓ RẸ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mú wa kúrò nílé baba wa, tí kò sì jẹ́ kí ebi pa wá lẹ́yìn odi. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun náà jẹ́ oníṣòwò, tí òun náà sì ṣí kúrò nílùú rẹ̀.



Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a parí àsàláátù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ó ní àwọn lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, olùkọ́ náà sì sọ fún àwọn pé ẹni tó bá fẹ́ là lóde òní gbọ́dọ̀ mọ ènìyàn púpọ̀. Kí wọ́n máa gba nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, ì báà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ì báà jẹ́ níbi ìsìnkú. Ó wá bi mí pé, "Aáfà, ṣé ẹ̀sìn fọwọ́ sí i?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi láàyè, n ó fi èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, torí ìbéèrè náà ju ti ẹnì kan lọ. Gbogbo wa tí a wà ní Kánò yìí, àlejò ni wá, títí kan ẹni tí wọ́n bí síbí.

Èsì mi kò gùn. Ẹ̀sìn fọwọ́ sí kí a mọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́ ni ẹni tó lè dúró fún ọ lọ́jà, tí yóò sì san gbèsè rẹ bí o kò bá san án. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, nọ́ńbà rẹ lásán ló ní lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà dé Mẹ̀dínà, ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan lọ́wọ́. Ànábì (SAW) so wọ́n pọ̀ ní ọmọ ìyá pẹ̀lú àwọn onílé. Abdur-Rahman ọmọ Awf bọ́ sọ́wọ́ Sa'd ọmọ Rabi', ọlọ́rọ̀ nínú àwọn ará Mẹ̀dínà. Sa'd ní kí àwọn pín ohun ìní òun sí méjì, kó mú ìdajì. Abdur-Rahman ṣe àdúà fún un, ó sì ní kí wọ́n fi ọjà han òun. Wọ́n júwe ọjà Banu Qaynuqa fún un, ọjà àwọn Yahúdí. Nígbà tó padà wálé, ó ti jèrè wàrà gbígbẹ àti máńṣánú. Kò pẹ́ tó fi gbé ìyàwó, tó sì fi wúrà tó wúwo bí kóró dàbínù san sàdáákì.

Àwa aáfà máa ń wàásù pé kò gba owó ọlọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tajà, ibòmíràn ni ojú mi ń wò. Lọ́jọ́ tó wọ ọjà yẹn, ọmọ ìyá Sa'd ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àbá tèmi nìyẹn, hádíìsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe àlejò lọ́jà rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú àlejò ńlá ńlá ni, kò fi ríran. Ẹnì kan ní láti fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Bí àwa Yorùbá ṣe ń gbé Sábọ̀n Gárì níbí láti ìgbà tí relùwéè ti dé Kánò ní 1911, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Hausa ń gbé Sábó ní Ìbàdàn láti 1916. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Abner Cohen lọ gbé láàrin wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé tó kọ nípa wọn sì jáde ní 1969. Onímàlúù tó bá kó ẹran dé láti Òkè Ọya kò mọ alápatà kankan ní Ìbàdàn. Ilé máígídá ló ń wọ̀. Máígídá ló ń fún un níbùsùn, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń wá ẹni tí yóò ra ẹran rẹ̀. Àwìn sì ni àwọn alápatà ń rà á; ó ń di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí owó tó pé. Kò sí báńkì láàrin, kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà. Bí alápatà bá jẹ gbèsè tó sì sá lọ, àpò máígídá ni owó onímàlúù yóò ti jáde. Nítorí náà, iṣẹ́ máígídá gan-an ni láti mọ àwọn alápatà: ilé tí wọ́n ń gbé, iye ẹran tí wọ́n ń pà, ta ló jẹ wọ́n lówó, ta ni àwọn náà jẹ. Obì tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá gòkè wá sí ìhà ibí náà, ọwọ́ irú àwọn máígídá bẹ́ẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Kí ẹ fura síbì kan, torí mo ń gbọ́ nǹkan. Làádà tí máígídá ń gbà, owó iṣẹ́ alágbàtà ni: ó wá oníbàárà, ó ta ọjà. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba owó nítorí pé ó dúró fún ẹlòmíràn, àwọn onímọ̀ ti Máàlíkì tí à ń tẹ̀lé kò gbà á láyè. Oore ni ìdúró. Mo gbọ́ pé àwọn kan láàrin wa ti ń bèèrè "nǹkan ìdúró" lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Bàbá mi, kí Ọlọ́hun foríjìn ín, wà nínú àwọn Yorùbá tí ìjọba Gánà ní kí wọ́n máa lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbéèlú. Tamale ni bàbá mi ń gbé nígbà náà. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ibẹ̀ ló kú sí. Nígbà tó dé Kánò, ará ìlú wa kan mú un lọ bá olówò aṣọ kan, ó ní, "Ọmọ wa nìyí. Èmi ni kí ẹ máa bi." Aṣọ ìdì mẹ́fà ni olówò náà gbé lé e lọ́wọ́. Títí bàbá mi fi kú, bí wọ́n bá bi í pé èló ni ojú owó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Kánò, ọ̀rọ̀ ará ìlú wa yẹn ló máa ń tún sọ fún wọn.

Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nítorí ẹlòmíràn rí. Ní 2018, ọmọ kan tó kéú lọ́dọ̀ mi títí tó fi ṣe wòlíìmọ̀ wá bá mi pé òun fẹ́ máa ta aṣọ. Mo mú un lọ sí Kantin Kwari, sọ́dọ̀ Alhaji tí èmi gan-an ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń san owó bó ti yẹ. Nígbà tó yá, ó kó ọjà N640,000. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìṣó tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ nìkan ló kù lára ògiri.

Alhaji kò pariwo. Ó kàn sọ fún mi lédè Hausa pé, "Malam, kai na sani." Ìwọ ni mo mọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san owó náà, ìyàwó mi sì ta ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ méjì sí i. N kò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi; gbèsè yẹn ti tán. Ohun tó ń dùn mí di òní ni pé ọmọ méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ọmọlúàbí sì ni wọ́n, lọ bá Alhaji lẹ́yìn náà. Bó ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá, ó ní kí wọ́n mú owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ. Wọn kò ní owó náà. Ọ̀kan nínú wọn ti padà sílé, ọ̀kadà ló ń gùn báyìí. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, n kò sì níí fi pamọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà kò ju bó ṣe ń ka Al-Kùránì lọ. N kò dé ilé tó ń gbé. N kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ́ àwọn ọmọ kéú ní ìtàn Umar, tí ẹnì kan wá jẹ́rìí níwájú rẹ̀ pé ènìyàn rere ni ẹnì kejì. Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n jọ rìnrìn àjò rí, bóyá owó ti dà wọ́n pọ̀ rí. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Umar ní bóyá mọ́sáláṣí ló ti ń rí i tó ń gbé orí sókè sódò. Ó ní kó máa lọ, kò mọ ẹni náà. Èmi tí mo fi ẹnu mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn!

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìdúró, kó rántí òkú tí wọ́n gbé wá síwájú Ànábì (SAW) kó lè kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní dínárì mẹ́ta. Ó bèèrè bóyá ó fi nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí àwọn náà lọ kírun sí ẹni wọn lára. Ìgbà tí Abu Qatada ní kí gbèsè náà wà lọ́rùn òun ni Ànábì tó kí i. Dínárì mẹ́ta péré.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti yí padà, pé gbogbo rẹ̀ ti di transfer àti alert. Ẹ rántí ìgbà ọ̀wọ́n owó tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì kò rí owó san, àwọn oní-POS ń fi owó ta owó, transfer ń há sọ́nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà yẹn, ìyá oníràísì kan ládùúgbò wa wọn ìdajì àpò fún mi, ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri: orúkọ mi, iye owó, ọjọ́. Krìsìtẹ́nì ni ìyá náà, Ìgbò sì ni. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn láìjẹ ẹ́ kọjá ọjọ́ tí a dá. Kò wá bi mí ní mọ́sáláṣí tí mò ń lọ.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń rò pé láàrin ara wa nìkan ni òótọ́ ti ṣe pàtàkì. Lálẹ́ ọjọ́ tí Ànábì kúrò ní Mẹ́kà, àwọn ará ìlú náà ń wá ọ̀nà àtipa á, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó àmáánà wọn sí. Ó fi Ali sílẹ̀ lẹ́yìn kó lè dá ohun olóhun padà fún un. Àwọn tó fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń san àmáánà fún. Àwa wá ń rò pé ó yẹ kí a yan ẹni tí a ó san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ náà ńkọ́? Áàyà tó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, ti ìrun kọ́, ti ààwẹ̀ kọ́. Áàyà 282 nínú Súrátul-Bàkárà ni, kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló sì dá lé lórí. Síbẹ̀ bí o bá mú bírò jáde láàrin wa, wọn á ní, "Aáfà, ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ṣe opó láìpẹ́ yìí. Àwọn mọ́kànlá ló wá sílé rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, pé ọkọ rẹ̀ jẹ àwọn. Àwọn tí ọkọ rẹ̀ yá lówó, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ orúkọ wọn nígbà ayé bàbá náà, ẹyọ ẹnì kan kò yọjú. Kò sí ìwé kankan nílé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìyàwó àti ọmọ ọ̀rẹ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo tún bẹ̀ yín lórí kinní kan. Ànábì kọ̀ fún wa láti máa tajà tàbí rajà nínú mọ́sáláṣí. Ẹni tó ń wá sí àsàláátù kó lè rí oníbàárà, tí kò dúró gbọ́ àdúà ìparí torí ó ń pín káàdì, àwọn àgbà ń rí i. Ẹ jẹ́ kó di ìta.

Ìta náà ni a ó ti ṣe é. Lẹ́yìn àsàláátù ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa lábẹ́ igi dọngoyaro. Kí oníkálùkù kọ iṣẹ́ tàbí ọjà rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó lè dúró fún un. Kí ẹ̀yin ìyá wa má fi ti ọkọ yín ṣe tiyín. Ẹ kọ òwò ti ara yín. Ọmọ tuntun tí kò rí onídùúró, kó kọ orúkọ rẹ̀ náà. Èmi àti àwọn àgbà méjì ti gbà láti lọ kí i nílé, kí a sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ó fi N50,000 rán ẹnì kan sí mi láti ilé nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀. Kò kọ lẹ́tà sí i. N kò fi owó náà sápò, mo gbé e lọ bá Alhaji kó lè fojú rí i. Ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní èmi ni ọmọ náà jẹ, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo tún ní ọmọ mìíràn tí mo fẹ́ mú wá. Mo ní kó fún mi di ìparí oṣù.