Yàrá Ẹní Mẹ́ta ní Minami-Senju

Mo fẹ́ lọ sí Tokyo, ọ̀rọ̀ báàlù kò sì gba àkókò lọ́wọ́ mi púpọ̀. Kò sí èyí tó ń gbéra l'Ékòó lọ sí Japan tààrà. Èyí tí àpò mi lè gbé ni kí n wọ Ethiopian lọ sí Addis Ababa, kí n gba Seoul kọjá sí pápákọ̀ òfurufú Narita. Narita jìnnà sí àárín Tokyo tó nǹkan bí 60 kìlómítà, ọkọ̀ ojú irin sì máa ń ṣíwọ́ ní nǹkan bí agogo méjìlá òru. Bí báàlù alẹ́ bá lọ pẹ́ díẹ̀, gbogbo owó tí mò ń ṣọ́ ná á bá takisí lọ. Nítorí náà, ibi tó bá yá dé láti Narita ni mo gbọ́dọ̀ sùn.

Èmi nìkan ni mò ń lọ. N kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìlú mi kan tí màá dé sọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì ní ẹni tá a jọ máa dá owó yàrá. Ṣùgbọ́n Japan mọ bí a ṣe ń wá àyè fún ẹni kan ṣoṣo. Osaka ni wọ́n ti ṣí hòtẹ́ẹ̀lì kápúsù àkọ́kọ́, níbi tí àlejò ti ń sùn nínú ihò kékeré bí àpótí, lọ́dún 1979. Kisho Kurokawa ló ya àwòrán rẹ̀. Ó wù mí, àmọ́ yàrá tí mo lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo fẹ́.

Bí mo bá sì ti ń wá yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù, àdúgbò kan náà ló ń yọjú: Minami-Senju ní Tokyo, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Sanya. Ìjọba ti yọ orúkọ Sanya kúrò lórí máàpù láti 1966, ẹnu àwọn ènìyàn ni kò kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn alágbàṣe ń gbé nígbà tí Tokyo ń la títì, tó ń kọ́lé de Òlíḿpíìkì 1964. Láàárọ̀ kùtù wọ́n á dúró sójú títì kí agbaṣẹ́ṣe wá ṣà wọ́n. Lálẹ́ wọ́n á sanwó oorun ọjọ́ kan. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1990, iṣẹ́ wọ́n, àwọn alágbàṣe ń darúgbó, àwọn onílé kan sì tún yàrá wọn ṣe fún àlejò tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn.

Ẹní tatami, ẹní ìtẹ́lẹ̀ àwọn ará Japan, mẹ́ta ló ń kún ilẹ̀ púpọ̀ nínú yàrá wọ̀nyẹn. Mo wọ̀n ọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀ mi: gígùn rẹ̀ kò pé mítà mẹ́ta, ìbú rẹ̀ kò pé méjì. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé àpótí mi ti ẹ̀gbẹ́, ibi tí mo lè tẹ ẹsẹ̀ sí ló kù. Ó tó mi fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn alágbàṣe kan gbé inú irú rẹ̀ títí irun wọn fi funfun. Owó rẹ̀ rọjú fún mi nítorí pé agbára alágbàṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n fi dá iye rẹ̀ níjọ́sí, èyí sì ń dùn mí.

Ṣé kí n wá torí ìyẹn lọ sùn ní àdúgbò mìíràn bíi Shinjuku? Ìyẹn ò ran àgbà Sanya kankan lọ́wọ́. Minami-Senju ni màá dé sí. Ọkọ̀ ojú irin Keisei tí kì í ṣe Skyliner olówó gọbọi á gbé mi dé ibùdó Nippori lówó pọ́ọ́kú, màá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin Jōban, ibùdó kejì ni Minami-Senju. Ilé ìwẹ̀ àdúgbò ni màá ti wẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ ni màá ti jẹun, kí owó mi lè kàn wọ́n. Màá jẹ́ kí ọlidé Golden Week ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún kọjá ná, torí owó yàrá máa ń fò sókè nígbà náà. Ilé iṣẹ́ aṣojú Japan á béèrè ibi tí mo máa sùn kí wọ́n tó fún mi ní físà. Àdírẹ́sì Minami-Senju ni màá kọ síbẹ̀.